“Onígun-mẹ́ta” kọ́ ni 3D

Ẹ̀yin akẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe 3D scanning, ìyẹn fífi ẹ̀rọ kó ìrísí nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ní “yíya àwòrán onígun-mẹ́ta”. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi ehoro Stanford wò ó, ehoro amọ̀ tí Greg Turk àti Marc Levoy fi lésà wọ̀n ní 1994. Fáìlì rẹ̀ ní àmì 35,947 àti onígun-mẹ́ta (triangle) 69,451 tó so àwọn àmì náà pọ̀. Tá a bá ti sọ 3D di “onígun-mẹ́ta”, kí la fẹ́ pe àwọn 69,451 yẹn? Gígùn, ìbú àti gíga là ń sọ, ìwọ̀n sì ni wọ́n. “Oníwọ̀n-mẹ́ta” ló bá a mu.

“Yíya àwòrán” náà kò gbé e. Lésà kì í ya nǹkan kan. Ó ń fa ìlà iná sára nǹkan, kámẹ́rà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń wo ibi tí ìlà náà ti wọ́, kọ̀ǹpútà á wá fi àyè tó wà láàárín lésà àti kámẹ́rà ṣírò bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ojú nǹkan là ń wọ̀n. “Ìwọnjú” ni tèmi, bí “wo ojú” ṣe di “wojú”.

Ẹni tó ń fi fóònù ṣe é ńkọ́? Òun ń ya fọ́tò lóòótọ́: bíi 36 ní ìyípo kan, ìyípo mẹ́ta, kí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ohun tó wà nínú fọ́tò kan tún hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan ọ̀hún, ìrísí á jáde, ìwọ̀n ò ní sí. Kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ bóyá ìkòkò ni tàbí ife. Idẹ dídán ló ń dààmú jù. Ibi tó ń kọ mànà ń tẹ̀ lé kámẹ́rà kiri, kọ̀ǹpútà á rò pé ojú kan náà ló wà, ìrísí tó jáde á sì rí jágajàga. Pọ́dà fẹ́ẹ́rẹ́ ń yanjú ẹ̀ (ẹ má dán an wò lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé o).

“Àwọsánmà àmì” fún point cloud, ìyẹn àwọn àmì tá a wọ̀n lójú nǹkan: òjò wo ló fẹ́ rọ̀? “Ọ̀wọ́ àmì” tó. Ní ti mesh, ìyẹn àwọn onígun-mẹ́ta tó so àwọn àmì pọ̀ di ojú nǹkan, apẹja ti fún wa ní “àwọ̀n” tipẹ́. Texture, ìyẹn àwòrán tó ń bo ojú àwọ̀n, sì ni “àwọ̀”. Fáìlì STL tá à ń gbé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D ń gbé àwọ̀n, kì í sábà gbé àwọ̀. Ẹni tó bá ń kà á sókè ni kó ṣọ́ ahọ́n rẹ̀.

Èyí tó yẹ ká jà lé lórí ni “ihò”. Ìsàlẹ̀ ehoro yẹn ní ihò: òmíràn wà lára amọ̀ gan-an torí inú rẹ̀ ṣófo, òmíràn jẹ́ ibi tí lésà kò dé. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ ihò, ẹni tó ń tún fáìlì ṣe á lọ dí èyí tí amọ̀ bí mọ́ra. Kí ti amọ̀ máa jẹ́ “ihò”, kí ti fáìlì máa jẹ́ “àlàfo”. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju àlàfo lọ, kó gbé e wá.