Kì í ṣe oyè: lórí orúkọ ìpele méje inú Notes

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ọ̀kan nínú wa ṣe fún àwọn tó ń kọ áàpù sórí Lotus Notes, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, àti àwọn tó ń bójú tó sáfà rẹ̀, Domino, tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n kú iṣẹ́ o. N kò bá púpọ̀ nínú wọn jà. Fọ́ọ̀mù kó máa jẹ́ fọ́ọ̀mù. Pé kí ẹni tó ń kọ áàpù máa jẹ́ "olùmúdàgbà" nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ ta ló ń tọ́? Akọ́áàpù tó fún mi. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ìpele àṣẹ méje di oyè méje, ibẹ̀ ni mo ti ní kí n sọ̀rọ̀.

Fún ẹni tí kò bá lò ó rí: ọdún 1989 ni Notes jáde. Ray Ozzie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iris Associates ló kọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ Lotus. IBM ra Lotus ní 1995, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ HCL ti Íńdíà láti 2019. Ímeèlì lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré ni ímeèlì jẹ́ lára áàpù tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìsinmi, ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìbéèrè owó, èèyàn lè kọ áàpù fún gbogbo wọn, kí áàpù kọ̀ọ̀kan sì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, àti ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ ọ́. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nípa ẹni tó lè ṣe kí ni. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: No Access, Depositor, Reader, Author, Editor, Designer, Manager.

Àkójọ wa pe Manager ní "ọ̀gá àgbà", ó pe Editor ní "olóòtú", Author ní "òǹkọ̀wé". Depositor wá di "asanwósí-báńkì".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bójú tó sáfà ní ilé iṣẹ́ kan ní Marina, l'Ékòó. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa pátápátá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti fi ìka gún ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún, níbi àmì kékeré tí èèyàn máa ń tẹ̀ kó tó mọ ipò tóun wà nínú fáìlì. Reader ló bá níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwé ni wọ́n ní kí n wá máa kà níbí? Ta wá ni Manager?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Áà! Èyí tó tún bà á nínú jẹ́ jù ni pé akọ̀wé rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì níṣẹ́, Editor ni. Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe ipò níléeṣẹ́, pé ẹni tó lè yí àkọsílẹ̀ yẹn padà, tó sì lè pa odindi fáìlì rẹ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Mo sọ ọ́ di Manager. Kò ṣí fáìlì náà mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ o. Ká ní "ọ̀gá àgbà" ló bá ńkọ́? Ẹni tí Yorùbá bá pè ní ọ̀gá, ọ̀gá ni, kò sí àlàyé tó máa wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ tọ́wọ́ ń ṣe ni ká fi sọ ìpele wọ̀nyí lórúkọ. Manager ló ń fúnni láyè, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ afúnniláyè. No Access, aláìláyè. Òǹkàwé dáa fún Reader.

Depositor gan-an ló dùn mọ́ mi. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí báńkì. Ẹni tó wà ní ìpele yìí lè ju ìwé tuntun sínú fáìlì, àmọ́ kò ní í rí ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀, títí kan èyí tóun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sí i. Ó dà bíi kóló tí wọn ò tíì fọ́. Irú ìpele yìí la fi ṣe áàpù ẹ̀sùn òṣìṣẹ́. Bí àwọn àgbà ṣe hun asọ̀rọ̀mágbèsì fún rédíò, afisínúmáwò ni mo hun fún un.

Author kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ó lè ka ti gbogbo ayé, àmọ́ tiẹ̀ nìkan ló lè tún ṣe, àfi tí akọ́áàpù bá gbàgbé láti fi àyè orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Nígbà yẹn, á kọ ìwé tán, kò sì ní í lè fọwọ́ kàn án mọ́. (Ìpè tí mo gbà lórí èyí nìkan kò lóǹkà.) Atúntiẹ̀ṣe ni mo pè é. Editor, tó lè tún ti ẹnikẹ́ni ṣe, á wá jẹ́ atúngbogboṣe; Designer, atúnfọ́ọ̀mùṣe. Wọ́n gùn, mo mọ̀.

Ó ku replication, tí wọ́n pè ní "ìdàkọ". Tí a bá ń da ìwé kọ, ọ̀kan ni ìyá, èkejì ni ẹ̀dà. Inú Notes kò rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan náà wà ní Marina, ó wà n'Íbàdàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni wọ́n ní, ọwọ́ sì ń kan méjèèjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lo láìnì tó so wọ́n pọ̀ mọ́, sáfà méjèèjì á pàdé, ohun tó yí padà nìkan ni wọ́n á sì gbé fúnra wọn. Bí akápò méjì tó ń fi ìwé ẹgbẹ́ wéra ni. Mo dá a lábàá pé ká pè é ní ìfìwékòwé, nílé mi wọ́n ní kòwéè ń ké. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá.

Ní ti kí èèyàn méjì tún ìwé kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà, kí ilẹ̀ mọ́ kí àmì dáyámọ́ǹdì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, "ìjà" ni àkójọ wa pè é. Wọ́n ti fún un lórúkọ ṣáájú wa. Màmá kan wà ní yàrá fáìlì wa n'Íbàdàn, tó bá ti fóònù mi láàárọ̀ mo ti mọ̀: "Ọmọ mi, tèmi àti ti Èkó tún ti forí gbárí o. Jọ̀ọ́, wá là wọ́n."