Ta Ló Gbọ́ Ọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá tó kọ́ mi ní ìròyìn kíkọ ní Hong Kong. Òyìnbó ni, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn ká Vietnam, Kàmbódíà àti Ṣáínà kó tó di pé ó ń kọ́ni.

Ìtàn ogun ni mo rò pé a ó máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tì o. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fún wa ni pé ká lọ wọ ọkọ̀ ojú omi Star Ferry, ká wá kọ ohun tí a rí. Mo kọ ọ́ pé èrò pọ̀ bí eéṣú, pé ariwo gba gbogbo èbúté. Ó fi bírò pupa fa gbogbo rẹ̀ nù. "Ẹni tí kò jáde nílé náà lè kọ eléyìí. Padà lọ."

Mo padà lọ. Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì sìn mí, torí n kò gbọ́ Cantonese, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, rárá. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Ọkọ̀ yẹn kì í yí orí padà kó tó lọ, nítorí náà bí èrò bá ti wọlé, wọn á ti ẹ̀yìn àga onígi yẹn sí òdì kejì, kí wọ́n lè kọjú síbi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí a dé Tsim Sha Tsui ní òdì kejì omi, wọ́n ju okùn nínlá láti inú ọkọ̀, bàbá kan tó dúró létí èbúté sì fi ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ lẹ́nu hán an. Ọ̀rẹ́ mi bi í léèrè iṣẹ́ náà. Ó ní ọwọ́ òun máa ń mọ ibi tí okùn ń bọ̀ kí ojú òun tó rí i.

Mo kọ ọ́ pé "ó sọ fún mi". Bàbá olùkọ́ wa kà á, ó ń mi orí pé ó dára, àfi ìgbà tó débẹ̀.

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Mo ní èmi ni.

"Ṣé o gbọ́ Cantonese ni?"

Ẹnu mi wọhò.

Ló bá sọ ìtàn Dith Pran fún wa, ọmọ Kàmbódíà tó ń bá Sydney Schanberg, akọ̀ròyìn New York Times, ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1975 ni àwọn Khmer Rouge, ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ tó gba ìjọba Kàmbódíà, wọ Phnom Penh, olú ìlú rẹ̀. Wọ́n mú Schanberg àtàwọn akọ̀ròyìn òyìnbó mìíràn. Dith Pran ló ń bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. Àwọn àlejò ríbi sá sí nílé iṣẹ́ aṣojú Faransé, wọ́n sì gbé wọn jáde ní ìlú níkẹyìn. Wọn ò jẹ́ kí Dith Pran dúró níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣekú nínú oko àti ebi ló ń bá yí, kó tó rọ́nà sá dé Thailand ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979. Schanberg ti gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1976, ó sì sọ pé àwọn méjèèjì lòun gbà á fún.

Bàbá wá dákẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní òun náà ní ògbufọ̀ ní Saigon, ní Vietnam, ọdún 2 gbáko, òun ò fi orúkọ rẹ̀ sí ìròyìn kan ṣoṣo rí. Nígbà tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, òun ti wà nínú ọkọ̀ òkun àwọn Amẹ́ríkà. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀.

Ó dùn mí wọra. A máa ń yin akọ̀ròyìn pé ó láyà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó fi etí tirẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sì kù sílùú nígbà tí ìbọn bá ń ró, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a dárúkọ òun náà.

Mo tún un kọ lóru ọjọ́ náà. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ṣáájú ọ̀rọ̀ bàbá elókùn: òun ló bi í, òun ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí bírò pupa níbì kankan. Ọ̀rẹ́ mi gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n fún òun, òun fẹ́ fi han ìyá òun.