Sevilla: ṣé Semana Santa ni kí n mú màmá mi lọ ni, àbí Feria?

Àlejò_Valencia

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Sípéènì. Valencia ni mò ń gbé. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ń bọ̀ wá kí mi, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo sì lè gbà níbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí Sevilla nínú fídíò, wọn ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Semana Santa (ọ̀sẹ̀ mímọ́ ṣáájú Àjíǹde) àti Feria (ọdún àríyá ìlú náà) ò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀kan ni agbára mi ká. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn tó ń dé fìlà ṣóńṣó bojú ní Semana Santa yẹn náà ń bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Ìyá_Ìbejì_Macarena

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹrìnlá mi rèé ní àdúgbò Macarena, ìyá àgbà kan ni mò ń tọ́jú níbí, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan wọ̀nyí. Semana Santa ni kí o mú.

Fìlà ṣóńṣó yẹn ń jẹ́ capirote, àwọn tó ń dé e ń jẹ́ nazareno. Ìrònúpìwàdà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n bojú kí aládùúgbò má baà mọ ẹni tó ń ronú pìwà dà. Ó ti wà kí àwọn oníwà burúkú Amẹ́ríkà tó ń wọ irú rẹ̀ (Ku Klux Klan) tó dáyé. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Àfi bí ọ̀kan ṣe ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù, ó kó súìtì fún àwọn ìbejì mi. Eégún wo ló ń pín súìtì? Láti ọjọ́ yẹn lẹ̀rù ti lọ. Àwọn ọmọdé a tún máa na bọ́ọ̀lù ìda sí wọn: nazareno á tẹ àbẹ́là rẹ̀, ìda gbígbóná á kán lé e tó, tó, ọmọ á máa yí i. Lọ́dọọdún ló ń tóbi sí i. Ti àwọn ọmọ mi ti ju ọsàn lọ, orí fìríìjì ló ń gbé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹgbẹ́ ìjọ tó ń gbé ère jáde lọ sí kàtídírà lọ́sẹ̀ yẹn lé ní 50. Má lé wọn kiri. Wá igun kan tí paso ti máa yí, kí ẹ dúró síbẹ̀. Paso ni pẹpẹ ńlá tí wọ́n gbé ère lé. Àwọn tó rù ú, costalero, wà lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ wọn nìkan lo máa rí. Ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n fi ń rù ú níbí. Wọn ò rí ibi tí wọ́n ń lọ, ohùn capataz, aṣáájú wọn, ni wọ́n ń gbọ́: òsì díẹ̀, ó tó. Ó á kan irin tó wà níwájú paso, gbogbo òpópónà á pa lọ́lọ́. Ó tún kàn án, wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbẹ́là gbogbo gbọ̀n rìrì. Èmi kì í ṣe Kátólíìkì o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lomi ti máa ń bọ́ lójú mi.

Ní ti orúnkún: ní Martes Santo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà), ẹ lọ wo ẹgbẹ́ Cerro del Águila ní àdúgbò wọn. Ó jìnnà sí àárín ìlú, ọ̀sán ni wọ́n sì ń jáde. Òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì, tí wọ́n ń pè ní Madrugá, ẹ sùn. Èrò ibẹ̀ kì í ṣe ti aláìsàn orúnkún.

Má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ Los Negritos (“Àwọn Dúdú Kéékèèké”) fò yín dá ní Ọjọ́bọ̀. Orúkọ yẹn kì í dùn létí mi. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú yìí ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹrú sì pọ̀ nínú wọn. Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà ní Calle Recaredo.

Onírebujito

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ti gbàgbé òjò. Bí ó bá rọ̀, ẹgbẹ́ ò ní jáde, ẹ̀yin àti màmá á kàn máa wo àwọn àgbà ọkùnrin tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Feria ni mo dìbò fún. Ọjà màlúù àti ẹṣin ló jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1847, ará Basque kan àti ará Catalonia kan ló sì dábàá rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan! Màmá á jókòó, wọ́n á jẹ ẹja díndín, wọ́n á máa wo aṣọ.

Ìyá_Ìbejì_Macarena

Jókòó níbo, àbúrò? Caseta, àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣe àríyá Feria, lé ní 1,000, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló mọ̀ wọ́n níbẹ̀? Àwọn caseta ìjọba ìbílẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí o tó rí àga! Ti òjò, mo gbà fún ọ.

Àlejò_Valencia

Mo ka ti súìtì yẹn fún wọn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Semana Santa ni, Martes dé Viernes (Ìṣẹ́gun dé Ẹtì). Bàtà wo ni kí n rà fún wọn?

Ìyá_Ìbejì_Macarena

Bàtà onírọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìda ti bo ọ̀nà, ó ń yọ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde, gbogbo mọ́tò tó bá yà ní kọ́nà ni táyà rẹ̀ á máa han gooro. Kí o pè mí tí ẹ bá dé, màá ti din torrijas (búrẹ́dì díndín aládùn) sílẹ̀.