Ìntáfíù kóòdù: ẹnu mi máa ń kú tí èèyàn bá ti ń wò mí

bug_ò_tán: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Iṣẹ́ software engineer ni mo ń wá, mo ti pàsì ìpè àkọ́kọ́, èyí tó kàn báyìí ni ti kóòdù, ìṣẹ́jú 45, èmi àti ẹnjiníà wọn kan lórí fídíò, màá máa kọ ọ́ kó máa wò mí. Tí mo bá dá wà, LeetCode (ìkànnì tá a ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò) ò le fún mi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tójú èèyàn bá ti wà lára mi orí mi á kàn fò lọ. Ṣé kí n ṣáà máa há ìdáhùn sórí ni?

Àgbà_Lúùpù: Há kínni? Wọ́n á kàn yí ìbéèrè yẹn padà díẹ̀ ni, gbogbo ohun tó o há á di òfo. Bó o ṣe ń ronú ni wọ́n fẹ́ rí, wọn ò sì lè wo inú orí ẹ àfi tó o bá sọ ọ́ síta. Ká ní wọ́n fún ẹ ní lísìtì nọ́ńbà, wọ́n ní kó o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 10. Má tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Bi wọ́n ná, ṣé lísìtì yẹn lè ṣófo, ṣé mo lè lo nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà sọ ọ̀nà tó gọ̀ jù, pé wàá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wàá fi kún gbogbo ìyókù, lúùpù nínú lúùpù, O(n²) nìyẹn (tí lísìtì bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ á di bí ìlọ́po mẹ́rin), ìwọ fúnra ẹ ni kó o sọ pé ó máa pẹ́ tí lísìtì bá gùn. Ìgbà yẹn lo wá máa ní tí mo bá ń kó àwọn tí mo ti rí sínú hash map (ibi ìkó-nǹkan-sí tí kọ̀ǹpútà ti lè tètè wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀) ńkọ́, tí mo bá dé orí 7 kí n kàn wò ó bóyá 3 ti wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá la lísìtì já. Kó o tó mọ̀, o ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́.

máa_wo_log: Òótọ́ ni. Èmi náà máa ń ṣe ìntáfíù fáwọn èèyàn níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí kóòdù ẹ̀ ò parí àmọ́ tí mo mọ ibi tó ń lọ, ó sàn fún mi ju ẹni tó dákẹ́ lọ gbári tó wá ju ìdáhùn sílẹ̀ lójijì. Tí wọ́n bá sì ta ẹ́ lólobó, gbà á o! Àwọn kan á máa bá wa jiyàn.

Sùúrù_O_n: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ híhá yẹn ṣi ọmọ yìí lọ́nà jàre. Binary search (kó o máa pín lísìtì tí wọ́n ti tò sí méjì, kó o ju ìdajì kan nù, títí wàá fi rí ohun tó ò ń wá), BFS (kó o máa wá nǹkan ní ìpele-ìpele, látorí èyí tó sún mọ́ ẹ jù), bí hash map ṣe ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó o ti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò wọ́n. Lísìtì mílíọ̀nù kan tí wọ́n ti tò lẹ́sẹẹsẹ, bíi ìgbà 20 ni binary search máa yẹ̀ ẹ́ wò tó ti parí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò rántí ibi tí mid + 1 (ipò tó tẹ̀ lé àárín) máa ń wà nínú kóòdù ẹ̀.

bug_ò_tán: Ẹ ṣé gan-an. Tí mi ò bá wá mọ nǹkan kan rárá ńkọ́?

máa_wo_log: Sọ pé o ò tíì rí irú ẹ̀ rí, kó o wá mú àpẹẹrẹ kékeré kan, kó o fọwọ́ ṣe é lójú wọn. Kó tó dọjọ́ náà, ní kí ọ̀rẹ́ ẹ kan jókòó tì ẹ́ kó máa wò ẹ́ bó o ṣe ń kọ ọ́, kì báà má mọ kóòdù, kó ṣáà ti máa bi ẹ́ pé kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn.