Wọ́n fẹ́ fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì sínú àpò ìtọ̀ bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọBàbá_Baltimore:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ní kánsà àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ wọn kàn ṣàdédé pupa bíi zobo lọ́jọ́ kan, kò sì dùn wọ́n rárá. Àwọn dókítà ti ha á kúrò, wọ́n fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní BCG sí inú àpò ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún un ṣe, ó ṣì padà wá. Wọ́n ní kò tíì wọ iṣan ṣá, orí awọ inú ló wà. Ó wá ku ká yọ àpò ìtọ̀ kúrò pátápátá àbí ká gbìyànjú Adstiladrin, oògùn tó ń fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì sínú àpò ìtọ̀. Bí bàbá ṣe gbọ́ fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú jíìnì báyìí wọ́n fárí gá, wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn ni wọ́n fẹ́ yí padà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn fẹ́ fi wọ́n dán nǹkan wò ni?

Nọ́ọ̀sì_Houston:
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Kì í ṣe ìdánwò mọ́ o, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i láti December 2022, fún irú tiwọn yìí gan-an tí BCG ò ràn. Irú fáírọ́ọ̀sì tó máa ń fa ọ̀fìnkìn ni, àmọ́ wọ́n ti ṣe é tí kò lè bímọ mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gbé jíìnì interferon dé awọ inú àpò ìtọ̀ lọ, awọ yẹn fúnra ẹ̀ láá wá máa ṣe interferon, òun ló ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sí kánsà. Ọmọ-ọmọ kankan ò lè jogún ẹ̀, ẹ fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. BCG tí wọ́n ti gbà náà, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n gún gbogbo wa lápá ní kékeré ṣáà ni.

Rọ́bà tín-ín-rín la máa ń tì bọ ojú ìtọ̀, a ó da mílílítà 75 sí i, wọ́n á dì í mú fún wákàtí kan, a ó máa yí wọn sí ọ̀tún, sí òsì, kó lè kan gbogbo inú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni. Ibà lè mú wọn, ó lè rẹ̀ wọ́n, ìtọ̀ á sì máa gbọ̀n wọ́n. Ṣé wọ́n ní glaucoma, àìsàn ojú yẹn? Torí oògùn tí a máa ń fún èèyàn ṣáájú, kí àpò ìtọ̀ má baà máa sún kì, kò bá irú glaucoma kan lára mu.

BàbáTọ́pẹ́:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló ń wò sàn o. Nínú èèyàn 98 tí FDA kà, 51% ni kánsà pòórá lára wọn, nínú àwọn yẹn náà 46% péré ni ò tíì padà sí lára lẹ́yìn ọdún kan. Bàbá ìyàwó mi gbà á, a ò fi kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀ ṣeré rárá, torí tó bá padà tí èèyàn ń fi falẹ̀ ó lè wọ iṣan, ìyẹn ni mo ń bẹ̀rù jù. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ a máa ń da blíìṣì sí ìtọ̀ wọn ká tó fa omi. Tí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ilé yín tí àjẹsára ẹ̀ ò lágbára, ẹ sọ fún dókítà.

Àdùkẹ́_Abẹ́òkúta:
Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò bàbá mi ń tọ ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilé ní atọ̀sí ajá ni. Ṣé èyí lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì_Houston:
@Àdùkẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà àpò ìtọ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ẹ̀. Atọ̀sí ajá tó bá pẹ́ lára lè di kánsà, àmọ́ irú èyí tó sábà máa ń fà yàtọ̀, oògùn yìí kọ́ ló wà fún un. Tí wọ́n bá ń mu sìgá ẹ ní kí wọ́n jáwọ́ lónìí.

ỌmọBàbá_Baltimore:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá ní glaucoma lóòótọ́, mi ò tiẹ̀ rò ó pé ó kan èyí. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, wọ́n ní tí kò bá ti lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ àwọn, káwọn rí dókítà lọ́jọ́bọ̀.