Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì

Ẹ kú àdúrótì. Ọmọ ọdún 8 tó ti Kétu ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo kọ̀wé síbí tẹ́lẹ̀ pé kì í la ẹnu ní kíláàsì, ti ń sọ̀rọ̀ o! Olùkọ́ rẹ̀ kò fipá mú un. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n ń gbọ́ èdè náà sínú ni. Ó ní kí ọmọ kan tó gbọ́ Faransé máa jókòó tì í. Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn pé ká pa Yorùbá tì nílé kó lè tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bínú, a ò ṣe bẹ́ẹ̀: ìtàn tí ọmọ náà bá fi Yorùbá sọ fún mi lálẹ́ ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́jọ́ kejì. Kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, èyí tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́, dáadáa ṣì lè gba ọdún 5 sí 7. Ẹ ṣeun, ó tán síbí.