Bàbá kú sí ọsibítù ní Maryland: ọrùn ta ni bíìlì wà?

Àjíkẹ́_Bowie
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa kú sí ọsibítù ní Maryland. Bíìlì ọsibítù jẹ́ dọ́là 41,000. Ti àwọn dókítà wá lọ́tọ̀. Agbowó gbèsè ń pe màmá, ó tún ń pe èmi ọmọ. Màmá àti bàbá ló jọ ni ilé. Dọ́là 9,000 ló wà ní àkáǹtì bàbá nìkan. Ọrùn ta ni gbèsè yìí wà?

Amòfin_Àdúgbò
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Nílé, àwọn àgbà á ní ọmọ ló ń san gbèsè baba. Ní Maryland, ohun tí òkú fi sílẹ̀ ló ń san án. Màmá náà bọ́: ní 1981, nínú ẹjọ́ Condore, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé òfin àtijọ́ tó ń gbé gbèsè ohun kòṣeémàní aya lé ọkọ lórí, ó sì kọ̀ láti gbé gbèsè ìtọ́jú ọkọ lé aya lórí. Ilé tí wọ́n jọ rà bíi tọkọtaya ti di ti màmá. Ẹni tí bàbá nìkan jẹ lówó kò lè fọwọ́ kàn án. Inṣọ́ránsì ẹ̀mí tàbí 401(k) (owó ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́) tó ti lórúkọ ẹni tí yóò gbà á náà bọ́.

Ó ku dọ́là 9,000. Ẹ lọ sí Register of Wills (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó dúkìá òkú) ní káùntì tí bàbá gbé, ẹ ṣí fáìlì dúkìá kékeré (kò gbọdọ̀ ju 50,000 lọ, tàbí 100,000 bí ìyàwó nìkan ló máa jogún). Ẹni tó bá ń béèrè gbèsè gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀, ó pẹ́ jù, kí oṣù 6 tó pé lẹ́yìn ikú. Owó ìsìnkú ṣáájú owó ọsibítù; owó àìsàn ìkẹyìn ṣáájú gbèsè káàdì. Pósí àti sàréè ni ìsìnkú o, aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà nìyẹn: wọ́n á ti ná owó náà sílé kí gbèsè tó tán, ẹni tí ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á wá fi àpò ara rẹ̀ san án.

Billing_Baltimore
Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òfin Maryland ní ọsibítù kò gbọdọ̀ béèrè gbèsè lọ́wọ́ dúkìá òkú bí ohun tó kù lẹ́yìn owó orí kò bá tó ìdajì gbèsè náà. Ìdajì 41,000 jẹ́ 20,500. Dọ́là 9,000 kò dé ibẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ so ẹ̀dà ìwé dúkìá mọ́ ọn. Bíìlì àwọn dókítà kò sí lábẹ́ òfin yìí. Lórí ti wọn, ẹ béèrè èyí tó to nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá Medicare (inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbà) ti rí i. Ìtọ́jú kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Àjíkẹ́_Bowie
Ẹ ṣé gan-an. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan lóru ọjọ́ tí a gbé bàbá dé. Ṣé kò ti kó mi sí i?

Amòfin_Àdúgbò
Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i lórúkọ aláìsàn nìkan, kò sí wàhálà. Bí ó bá kọ "guarantor" (onídùúró gbèsè) sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, ẹ mú un lọ bá lọ́yà kó tó di pé ẹ dá agbowó lóhùn. Àwọn yẹn, òṣómàáló orí fóònù ni wọ́n. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti purọ́ pé ẹ jẹ gbèsè tí ẹ kò jẹ. Láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé wọn bá dé, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n fi ẹ̀rí gbèsè hàn. Ẹ má sì fi káàdì tiyín san kọ́bọ̀: ohun tó bá ti wọ káàdì yín ti di gbèsè tiyín.